Ọjọ́ Márùn-ún Òùngbẹ: Bí Awẹ́ Ilé Ẹyin Tí A Lọ́ Sára Obìnrin Ṣe Lè Yè






Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jẹ mọ́ ibi kọ́lọ́fín ara obìnrin, àṣà wa kò sì gbà kí a máa la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀ lónìí lè di ẹkún lọ́la. Nítorí náà, n ó pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀, ẹ ó sì forí jì mí.

1. Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, obìnrin kan tọ̀ mí wá. Ọmọ ọdún 27 ni. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19 ni àrùn jẹjẹrẹ yọ sí i ní ọrùn. Ilé ìwòsàn kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, tọ́jú rẹ̀. Wọ́n fi oògùn líle fa àrùn náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Láti ìgbà náà ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ooru ń mú un lóru bí ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún. Ó ti ní ọkọ, àwọn ará ilé ọkọ sì ti ń wo ojú rẹ̀. Ó wí fún mi pé: "Dókítà, wọ́n gba ẹ̀mí mi là, mo sì ń dúpẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún mi ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó bi mí léèrè bóyá n ó fẹ́ bímọ."

N kò ní èsì gidi fún un. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe, kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ̀ ni ó yẹ kí a ti ṣe é: kí a yọ díẹ̀ nínú ilé ẹyin rẹ̀, kí a tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú òtútù, kí a sì dá a padà sí ara rẹ̀ nígbà tí àrùn bá ti lọ. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àlá mọ́. Àwọn ọmọ tí a bí nípa rẹ̀ wà láyé, àwọn kan nínú wọn sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá kan ṣì wà nínú rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Èrò mi kò ju ọ̀kan lọ: pé òtútù kọ́ ni ọ̀tá ilé ẹyin tí a tọ́jú pamọ́. Òùngbẹ ni ọ̀tá rẹ̀, àwọn ọjọ́ díẹ̀ tí ó wà láàárín ìgbà tí a dá a padà sí ara àti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ dé inú rẹ̀.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí n ó máa lò

Kí èdè má baà di ìdènà fún wa, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Èkíní ni ilé ẹyin. Méjì ni Ọlọ́run dá mọ́ obìnrin, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan ní apá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju awẹ́ obì ńlá kan lọ.

Èkejì ni èèpo ilé ẹyin. Èyí ni apá òde rẹ̀, tí kò nípọn ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Inú èèpo yìí ni ìṣúra náà wà. Àárín ilé ẹyin kò ní ohun púpọ̀ ju iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni àpò ẹyin. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ni ó ní àpò tirẹ̀, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ó ń bọ́ ọ yí i ká. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àpò ẹyin wọ̀nyí ni ó ń sùn. Wọ́n lè sùn fún ogún ọdún tàbí ogójì ọdún kí a tó jí wọn, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, lọ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lò ó nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi kan tí a lọ́ sára igi mìíràn. N kò rí ọ̀rọ̀ tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù ú lọ, nítorí pé ohun kan náà ni a ń ṣe: a gé awẹ́ èèpo ilé ẹyin, a sì lọ́ ọ sára ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò díẹ̀. Nígbà tí a bá bí ọmọbìnrin, àpò ẹyin inú rẹ̀ máa ń tó mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 2. Nígbà tí ó bá fi bàlágà, yóò ku nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 400 péré ni yóò gbó dé ojú àmì ní gbogbo ayé rẹ̀. Àwọn ìyókù ń kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí 1,000, nǹkan oṣù yóò dúró. Ọkùnrin ń ṣe àtọ̀ tuntun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n obìnrin kò ní ibi tí yóò ti rí ẹyin tuntun. Bí ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni: ó ń ná an lọ, kò sì sí ohun tí ó ń wọlé. Nítorí náà, àpò ẹyin kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ṣòfò ti lọ nìyẹn.

Oògùn apajẹjẹrẹ àti ìtànṣán iná tí a fi ń tọ́jú àrùn náà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyí, bí busulfan àti cyclophosphamide, lè pa ogún náà run láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a ń gbìyànjú láti ṣe ni pé kí a gbé díẹ̀ nínú ogún náà kúrò nílé kí iná tó dé.

3. Ìtàn iṣẹ́ náà ní ṣókí

Ní ọdún 1949, Polge, Smith àti Parkes ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá fi glycerol sí àtọ̀ àkùkọ kí a tó mú un dì, yóò yè nígbà tí a bá yọ́ ọ. Kí ó tó di ìgbà náà, omi inú sẹ́ẹ̀lì a máa di ẹ̀gún yìnyín, a sì máa gún sẹ́ẹ̀lì náà pa. Ní ọdún 1960, Delphine Parrott fi hàn pé èkúté lè bímọ láti inú ilé ẹyin tí a ti mú dì rí.

Ṣùgbọ́n ilé ẹyin èkúté rọ̀, ó sì kéré. Ti ènìyàn le, ó sì ní fọ́nrán púpọ̀. Ọdún 1994 ni ilẹ̀kùn ṣí, nígbà tí Roger Gosden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh lo àgùntàn, ẹran tí ilé ẹyin rẹ̀ jọ ti ènìyàn. Wọ́n tọ́jú èèpo ilé ẹyin sínú náítírójìn olómi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ −196°C, wọ́n dá a padà, àgùntàn sì bímọ.

Ní ọdún 1997, ní Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, Jacques Donnez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba èèpo ilé ẹyin lọ́wọ́ obìnrin kan tí ó ní irú àrùn jẹjẹrẹ tí à ń pè ní Hodgkin. Wọ́n fún un ní oògùn, ó sàn. Ní ọdún 2003 wọ́n lọ́ awẹ́ náà padà sí i lára. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, nǹkan oṣù rẹ̀ padà. Ó lóyún fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, ó bí ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, àwọn ọmọ tí a ti bí báyìí ní gbogbo àgbáyé ti lé ní 130. Ní ìparí ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń tọ́jú àìrọ́mọbí ní Amẹ́ríkà kéde pé kí a má ṣe ka iṣẹ́ náà sí ìdánwò lásán mọ́.

Èyí dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ tí a ti kó jọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ń rí ọmọ gbé jó nínú àwọn obìnrin tí a lọ́ awẹ́ sí lára. Awẹ́ náà sì máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Kí ni ó fà á?

4. Ọjọ́ márùn-ún òùngbẹ

Ẹni tí ó bá ti gbin ata rí mọ̀ pé a kì í fi ọ̀sán gangan tú ọmọ ata lọ sí oko. Ìrọ̀lẹ́ ni à ń ṣe é. A ó bu erùpẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, a ó bomi rin ín, a ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Bí ó ti wù kí a ṣọ́ra tó, ewé rẹ̀ yóò rọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Kì í ṣe pé ilẹ̀ tuntun kò lómi. Gbòǹgbò ni kò tíì mú ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti awẹ́ ilé ẹyin. Nígbà tí dókítà bá gé e, ó ti gé gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ. Iṣan tí ó kù nínú awẹ́ náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè rán an mọ́ òmíràn. Nítorí náà, ojú ọgbẹ́ tútù ni a ń gbé e lé, ara fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣe ìyókù. Iṣan tuntun yóò hù láti ara obìnrin náà wọ inú awẹ́. Àwọn iṣan àtijọ́ inú awẹ́ náà yóò sì nà jáde láti pàdé wọn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Louvain ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù fi hàn ní ọdún 2010 pé ìhà méjèèjì ni ó ń pàdé ara wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé náà ń gba ọjọ́.

Ọjọ́ mélòó? Ní ọdún 2009, àwọn ará Louvain yìí kan náà lọ́ awẹ́ ilé ẹyin ènìyàn sára èkúté, wọ́n sì ń wọn iye ọ́síjìn tí ó wà nínú rẹ̀. Fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, ọ́síjìn kéré jọjọ nínú awẹ́ náà. Láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹwàá ni ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ni a ń pàdánù ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú.

Iye tí a ń pàdánù ni ó yẹ kí ó pa wá lẹ́nu mọ́. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí Edinburgh ka àpò ẹyin nínú awẹ́ ilé ẹyin àgùntàn, kí a tó mú un dì, lẹ́yìn tí a yọ́ ọ, àti lẹ́yìn tí a lọ́ ọ sára. Òtútù àti yíyọ́ kò pa ju nǹkan bí 7 lọ nínú 100. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a lọ́ ọ sára, nǹkan bí 65 mìíràn ni ó kú. Nínú 100, ohun tí ó kù kò ju 28 lọ. Àgùntàn kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a ti rí láti ìgbà náà ń tọ́ka sí ibi kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jiyàn lórí irú òtútù tí ó dára jù, nígbà tí ó jẹ́ pé ibòmíràn ni àpò ti ń jò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà, kí ó wo iṣẹ́ tí Sherman Silber ṣe fún àwọn ìbejì ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ìbejì kan tí ó jọra bí ọwọ́ ṣe jọ ọwọ́, ilé ẹyin ọ̀kan lè tètè kú, kí ti èkejì sì wà láàyè. Àwa Yorùbá tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibi gbogbo lọ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo Táíwò ni ó jọ Kẹ́yìndé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá lè fún ara wọn ní ẹ̀yà ara, ara kò sì ní kọ̀ ọ́. Silber gbé odidi ilé ẹyin láti ara ẹnì kan fún èkejì rẹ̀, ó rán iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ kan ti ibẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Odidi ilé ẹyin kò mọ òùngbẹ ọjọ́ márùn-ún. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó nípọn, oògùn tí ń dènà ẹ̀gún yìnyín kì í dé inú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà ó ṣòro púpọ̀ láti mú odidi rẹ̀ dì láìbàjẹ́. Awẹ́ pẹlẹbẹ ni òtútù fẹ́. Odidi ni ẹ̀jẹ̀ fẹ́. Ibi tí iṣẹ́ wa há sí nìyẹn.

5. Àwọn tí a jí kí ilẹ̀ tó mọ́

Ikú nìkan kọ́ ni ó ń mú àpò ẹyin lọ. Àwọn kan wà tí kò kú sínú òùngbẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n jí kí àsìkò wọn tó tó.

Nínú ilé ẹyin tí ó ṣe déédéé, àwọn àpò ẹyin tí ó ti ń dàgbà máa ń tú èròjà kan jáde tí ó ń sọ fún àwọn tí ń sùn pé kí wọ́n máa sùn lọ. Wọ́n dà bí àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọdé tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wọ̀nyí ni òùngbẹ ń kọ́kọ́ pa, nítorí pé àpò ẹyin tí ó ń dàgbà nílò ọ́síjìn púpọ̀ ju èyí tí ó ń sùn lọ. Nígbà tí àgbà bá kú tán, tí gígé ọ̀bẹ àti ìdààmú ìlọ́sára náà sì kún un, àwọn tí ń sùn yóò jí gìrì lọ́wọ̀ọ́. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà papọ̀, wọn yóò sì tán papọ̀. Àwọn olùwádìí pè é ní jíjóná tán, bí àtùpà tí a fa òwú rẹ̀ sókè jù, tí epo rẹ̀ sì tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a kan ka iye àpò ẹyin tí ó yè ní oṣù àkọ́kọ́. Ó yẹ kí a béèrè bákan náà pé mélòó ni ó ṣì ń sùn. Àwọn tí ń sùn ni ọdún tí obìnrin náà ní níwájú.

6. Ohun tí a ti gbìyànjú

Àtúnṣe tí àwọn olùwádìí ti dán wò pín sí ọ̀nà mẹ́rin, ní ojú tèmi.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni mímúra ilẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè kí ó tó mú irúgbìn lọ. Nínú iṣẹ́ ọdún 2003 tí mo mẹ́nu bà lókè, ọjọ́ méje kí wọ́n tó lọ́ awẹ́ sára ni Donnez ti kọ́kọ́ ya ojú kan sí awọ inú ikùn obìnrin náà, kí iṣan tuntun lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí ojú ọgbẹ́ náà. Nígbà tí awẹ́ dé, ó bá ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ó jẹ́ ọgbọ́n tí kò náwó púpọ̀, àyàfi pé a ó ṣí inú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Kí awẹ́ náà sì pẹlẹbẹ, kí a má fi í sílẹ̀ lórí tábìlì jù bí ó ti yẹ lọ, kí a sì tètè gbé e wọlé, gbogbo ìyẹn wà lára ìmúrasílẹ̀ yìí.

Ọ̀nà kejì ni pípe ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ara ní èròjà tí ó fi ń pe iṣan tuntun sí ibi tí ọ́síjìn kò bá tó. Orúkọ rẹ̀ ni VEGF. Wọ́n ti fi í sára awẹ́ ilé ẹyin nínú ẹranko. Èròjà mìíràn wà tí à ń pè ní S1P. Ní ọdún 2011, Soleimani, Oktay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lò ó fún awẹ́ ilé ẹyin ènìyàn tí wọ́n lọ́ sára èkúté; iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó kú sì dín kù. Ní ọdún 2018, Manavella àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Louvain mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti inú ọ̀rá ara ènìyàn, wọ́n tẹ́ ẹ sí inú ikùn èkúté ní ọjọ́ 14 ṣáájú, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbé awẹ́ lé e. Àpò ẹyin tí ó yè pọ̀ ju ti àwọn tí kò rí irú ẹní bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà yìí ni ó wù mí jù, nítorí pé ọ̀rá ara obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni a lè lò.

Ọ̀nà kẹta ni dídáàbò bò ó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé. Ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ pípẹ́, tí ó wá jẹun àjẹjù lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ lè pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́síjìn tí ó dé lójijì ń bí àwọn èròjà tí ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Wọ́n ti dán fítámì E, N-acetylcysteine àti melatonin wò lára ẹranko láti pa agbára èròjà búburú wọ̀nyí.

Ọ̀nà kẹrin ni pípa àwọn tí ń sùn mọ́ lójú oorun, kí wọ́n má baà jí gìrì. Wọ́n ti lo rapamycin àti AMH, èròjà tí àwọn àgbà ẹnu ọ̀nà yẹn ń tú jáde, lára èkúté.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé iye ìgbà tí mo dárúkọ èkúté kò kéré. Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí a fi sùúrù rìn. Ohun tí ó mú iṣan pọ̀ lára èkúté kò tíì di oògùn fún obìnrin. Mo dámọ̀ràn pé kí a máa bi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìkíní: ṣé àpò ẹyin ni ó gbà là, tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó pọ̀ sí i? Ìkejì: ṣé kò jí àwọn tí ń sùn? Ìkẹta, tí ó ṣe kókó jù: ṣé kò ní jí àrùn náà? Èròjà tí ń pe iṣan tuntun wá bọ́ awẹ́ ilé ẹyin ni àrùn jẹjẹrẹ náà ń lò láti pe iṣan wá bọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ní àrùn yìí rí, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa da epo sí iná rẹ̀. Bákan náà, nínú àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì búburú lè ti fara pamọ́ sínú awẹ́ náà. Bí a bá dá a padà, a lè dá àrùn padà pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń bẹ̀rù àtilọ́ awẹ́ àwọn bẹ́ẹ̀.

Títí àtúnṣe tí ó dájú yóò fi dé, ọgbọ́n tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ìṣọ́wọ́ná. Kí a má ṣe lọ́ gbogbo awẹ́ sára lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú òtútù, kí ó lè jẹ́ pé bí ti àkọ́kọ́ bá rẹ̀, a ó rí òmíràn. Kí a sì má ṣe tètè lọ́ ọ sára: ìgbà tí obìnrin náà bá ṣe tán láti bímọ ni kí aago ọdún mẹ́rin sí márùn-ún náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

7. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní ilẹ̀ wa

Ẹnì kan lè bi mí pé: kí ni èyí kàn wá, ní ibi tí àwọn aláìsàn mìíràn kò ti rí owó oògùn ibà? Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn mi wà nínú àrùn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní síkù-sẹ́ẹ̀lì. Kò sí orílẹ̀-èdè tí a ti ń bí àwọn ọmọ tí ó ní in tó Nàìjíríà.

Ìwòsàn wà fún un. Ọ̀kan ni pé kí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun; ní ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Nàìjíríà, ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Benin. Ní ìparí ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn tuntun tí ń tún èròjà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà ṣe. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n kí ìwòsàn tuntun yìí tó ṣiṣẹ́, a ní láti kọ́kọ́ fi busulfan pa mùdùnmúdùn àtijọ́ run; nínú pípààrọ̀ mùdùnmúdùn náà, busulfan yìí kan náà ni a sábà máa ń lò. Òun sì ni oògùn tí mo ti sọ pé ó ń pa ilé ẹyin. Bí ìwòsàn yìí bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin tí ó yè, tí wọn kò sì ní lè bímọ, yóò máa pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2015, Isabelle Demeestere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kọ̀wé nípa ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan tí ó ní síkù-sẹ́ẹ̀lì. Kò tíì pé ọmọ ọdún 14, kò sì tíì rí nǹkan oṣù rí, nígbà tí wọ́n yọ ilé ẹyin rẹ̀ kan kí wọ́n tó fún un ní oògùn, kí wọ́n sì tó fi mùdùnmúdùn arákùnrin rẹ̀ rọ́pò tirẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n lọ́ awẹ́ náà padà sí i lára. Ó lóyún láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bí ọmọkùnrin kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27. Ẹ rántí pé ọmọ ọdún 27 ni obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi náà. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìbéèrè kan ṣoṣo tí a bi ọ̀kan, tí a kò sì bi èkejì.

Àǹfààní kan tún wà fún àwọn ọmọ síkù-sẹ́ẹ̀lì: àrùn wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kò sí sẹ́ẹ̀lì búburú tí ó fara pamọ́ sínú awẹ́ wọn, ìbéèrè kẹta tí mo béèrè lókè kò sì le tó bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àtúnṣe tí a ń bẹ̀rù láti lò fún ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ lè kọ́kọ́ ṣeé lò fún àwọn wọ̀nyí. Mo rò pé ilẹ̀ wa ni ó yẹ kí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti wáyé, nítorí pé ọwọ́ wa ni àwọn aláìsàn náà wà. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: iṣẹ́ abẹ fún ọmọ síkù-sẹ́ẹ̀lì ní ewu tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ tutù, omi kò gbọdọ̀ gbẹ lára rẹ̀, a sì lè ní láti fún un ní ẹ̀jẹ̀ ṣáájú.

Ní ti ohun èlò, kò pọn dandan kí gbogbo ilé ìwòsàn ní ilé òtútù tirẹ̀. Ní Dẹ́nmáàkì, ilé ìwòsàn tí ó jìnnà máa ń yọ ilé ẹyin, wọn a gbé e sínú yìnyín, a sì rìnrìn-àjò tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó dé Copenhagen níbi tí a ti ń mú un dì. Ní Jámánì, ó ń rìn láti alẹ́ mọ́jú. Ilé ìpamọ́ kan tí ó bójú mu lè gba ti ìpínlẹ̀ púpọ̀. Náítírójìn olómi kò sì nílò iná mànàmáná láti wà ní tútù nínú àgbá rẹ̀. Ohun tí ó nílò ni ẹni tí kò ní gbàgbé láti máa bu òmíràn sí i, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún. Ìyẹn gan-an ni ó le jù fún wa. Ẹ̀rọ ṣeé rà lọ́jọ́ kan. Ìṣòótọ́ ogún ọdún kò ṣeé rà. Ó sì yẹ kí òfin ti wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀: ta ni ó ni awẹ́ náà nígbà tí ọmọ ṣì kéré, kí ni a ó sì ṣe sí i bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ẹni tí ó ni ín?

8. Ìparí

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. A ti mọ bí a ṣe ń mú ilé ẹyin dì tí yóò sì yè. Ohun tí a kò tíì mọ̀ dáadáa ni bí a ṣe lè gbé e la ọjọ́ márùn-ún òùngbẹ já, kí àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀ má kú, kí wọ́n má sì jí gìrì. Ibẹ̀ ni kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí dojú kọ.

Ẹ̀yin dókítà tí ń fún ènìyàn ní oògùn líle, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí yín. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní ilé òtútù, tí ẹ kò sì ní awò iṣẹ́ abẹ, ẹ ní ẹnu. Ẹ bi ọmọ náà léèrè, ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè, kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn: pé iṣẹ́ náà wà, pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń yọrí sí rere fún, pé àwọn kan ti bímọ nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yàn.

Ẹ̀yin òbí, bí dókítà bá gbàgbé, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.